Ọdẹ́tàyọ̀ àti Alárinà Tí Kì í Gbé Ọ̀rọ̀

Kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ tòsí. Kí ẹni tó bá wá gba ẹ̀rín gba èyí tó wà níwájú, nítorí kò sí òmíràn lẹ́yìn. Ìtàn Ọdẹ́tàyọ̀ ọmọ Akínkúnlé ni, ọdẹ àgbà ìlú Òkè-Ìgbín. Òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ ọ́ lábẹ́ igi odán tó wà níwájú ilé rẹ̀, ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn ará àdúgbò bá ti jẹun tán. Ọdẹ arúgbó náà á jókòó, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì tí kò ṣeé ká mọ́, á sì fi ọwọ́ kan fóònù kékeré tó wà lórí àyà rẹ̀, nínú àpò tí ó fi awọ ẹtu rán. Ọwọ́ rẹ̀ kì í jìnnà sí fóònù náà.

"Ẹ wò mí dáadáa," báyìí ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀. "Èmi tí mo jókòó yìí, mo ti fi ọwọ́ òsì di ẹfọ̀n mú ní ìwo, tí mo sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ iṣu. Iwin mélòó ló ti rí mi lókèèrè tó sọ pé òun ti gbé ìkòkò ka iná nílé!"

"Bàbá, nígbà tí ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́sí, ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi di ẹfọ̀n náà mú," ni Ìyá Gbọ́láhàn, aránṣọ tó ń gbé ilé kejì, máa ń dá a lóhùn.

"Ẹfọ̀n méjì ni, ìwọ obìnrin yìí. Ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Á jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tó, nítorí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Abọ́sẹ̀dé ni orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jọ gbé inú ilé kan, kò sì sí ọjọ́ kan tí obìnrin náà fi orúkọ pè é. Irú ìyàwó wo ni yóò la ẹnu pe ọkọ rẹ̀ ní Ọdẹ́tàyọ̀? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ Mojírayọ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lórúkọ, "Bàbá Mojí" ni ó ń pè é. Bí inú rẹ̀ bá dùn, Bàbá Mojí. Bí inú bá ń bí i, Bàbá Mojí. Bí ó bá fẹ́ kí ó bá òun gbé odó wọlé kí òjò tó dé, Bàbá Mojí.

Mojírayọ̀ dàgbà, ó lọ sílé ọkọ ní Ìlú Otútù, tó wà lẹ́yìn omi méje. Nígbà tí ó bímọ, Abọ́sẹ̀dé di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ bá ọmọ òun wẹ ọmọ. Ní òwúrọ̀ tí ó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọdẹ́tàyọ̀ wà lórí ìjókòó, ó ń fi epo nu ìbọn.

"Bàbá Mojí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ."

"Ṣé ọ̀rọ̀ tó gùn ni?"

"Kò gùn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìjókòó."

"Bí o bá dé, a ó jókòó sí i," ni ọkọ rẹ̀ wí. Kò gbé ojú kúrò lára ìbọn.

"Ó dáa. Ẹ má gbàgbé láti máa bomi rin ewébẹ̀ ẹ̀yìnkùlé." Obìnrin náà sì lọ.

Ọdẹ́tàyọ̀ ṣì rántí àkísà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Aṣọ ilà aláwọ̀ aró ni, ó ti ya ní igun kan. Àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀mejì kí aya rẹ̀ tó yà ní kọ̀rọ̀ ilé.

Ní oṣù keje, oníṣòwò kan ti òkè òkun dé, ó wá kí ọdẹ náà. Ó ní Abọ́sẹ̀dé ti dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn oníṣègùn ìlú náà kò sì gbà kí ó tún la omi méje kọjá. Wọ́n ní bí ó bá gbìyànjú rẹ̀, kò ní dé omi kẹta. "Ìyá ní kí n sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́nu àwọn," ni oníṣòwò náà wí.

Ní àkókò yìí, ẹ̀rọ ńlá kan wà láàfin Òkè-Ìgbín, kọ̀ǹpútà dúdú kan tó ń mí bí ológbò tó sùn. Ọba ti rà á, ó sì ti pín fóònù fún ilé gbogbo, pé kí ará ìlú lè máa gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn wọn lókè òkun, kí wọ́n sì máa rí ojú wọn nínú fídíò. Ṣùgbọ́n odindi ọdún kan ni àwọn fóònù náà fi dákẹ́. Wọ́n dàbí ọmọge àti ọmọkùnrin tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn sọ ọ́: olúkúlùkù jókòó sílé bàbá rẹ̀. Alárinà ni kò sí. Alárinà ni ètò kan tí wọ́n máa ń fi sínú kọ̀ǹpútà. Òun ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí à ń wá, tí yóò béèrè bóyá onílé wà, tí yóò bá àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí bí ohùn àti àwòrán yóò ṣe máa kọjá. Bí wọ́n bá ti rí ara wọn, yóò kúrò láàárín. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: bí ọkọ bá mojú aya tán, alárinà a yẹra.

Ọba ní ta ni yóò lọ mú un wá láti Ìlú Agbede, tí ọ̀nà rẹ̀ gba inú Igbó Aláriwo? Kò tíì sọ tán tí Ọdẹ́tàyọ̀ fi dìde.

"Kábíyèsí, èmi ni."

"Ìwọ ọdẹ, kí ni fóònù já mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Kábíyèsí, aya mi ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu."

Ọba wò ó títí. Ó rán oníṣòwò náà padà sí Ìlú Otútù pẹ̀lú fóònù kan, pé kí Mojírayọ̀ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀. Bí oṣù tuntun bá ti lé, kí obìnrin náà dárúkọ ẹni tí ó ń wá sí i lẹ́nu, Alárinà yóò sì wá a rí.

Igbó Aláriwo! Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò mọ ohun tí etí lè jìyà. Gbogbo iwin inú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tó ń gbọ́. Igi ń pariwo, òkúta ń ṣàròyé, ewé gbígbẹ ń ké sí ewé tútù. Ní ọjọ́ kẹta, iwin kan tí ó ní ẹnu mẹ́rìndínlógún tí kò ní etí kan ṣoṣo gbá ọdẹ náà mú ní ẹsẹ̀ òsì, ó sì gbé e sókè bí ẹni gbé adìẹ.

"Ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni mo ti ń ké sí àbúrò mi nínú igbó yìí!" ni ẹnu mẹ́jọ nínú ẹnu rẹ̀ ń wí. "Òun náà ń ké sí mi! Àwa méjèèjì kò gbọ́ ara wa!" Ẹnu mẹ́jọ yòókù sì ń pa àlọ́: "Kí ló ṣáájú ìyàwó dé ilé ọkọ, tí kò sùn níbẹ̀? Kí ló mọ àṣírí ilé méjèèjì, tí kì í ṣe ẹbí ẹnì kankan? Dáhùn, àbí kí n jẹ ọ́!"

Báwo ni ènìyàn ṣe ń dá ẹni tí kò ní etí lóhùn? Ibi tí Ọdẹ́tàyọ̀ ti máa ń fi ọwọ́ lu àyà rẹ̀ nìyí. "Ẹ̀yin èwe, ìwé ló gbà mí! Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó jókòó sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà. Mo máa ti oko dé, mi ò ní jẹun, mo máa gbé sílétì lọ. Tíṣà fi igi kàn mí lórí ní ìgbà mẹ́tàdínlógún, mo sì lè sọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ bọ́ sí."

Nínú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ti kọ́ ọ pé bí a bá ń kọ orúkọ ènìyàn sínú ìwé, orúkọ bàbá ni yóò ṣáájú, tirẹ̀ á tẹ̀lé e, a kò sì gbọdọ̀ kọ orúkọ ìnagijẹ. Ó di ẹ̀kọ́ yìí mú bí ẹni di okùn kànga mú.

Ó na apá láti ibi tí ó ti ń rọ̀ dirodiro, ó sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kọ ọ́ sórí iyanrìn: ALÁRINÀ. Iwin náà kà á. Ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ọdẹ náà kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìsí ohùn. Ọdẹ́tàyọ̀ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì tí iwin náà gbá mú kò padà sí bí ó ṣe wà mọ́ títí di òní.

Lẹ́yìn igbó náà, ó kan ògiri kan tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọsánmà fi ń fara họ ọ́. Ilẹ̀kùn tó wà lára ògiri náà lé ní ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin, gbogbo wọn sì jọra. Ọdẹ́tàyọ̀ ṣí èkíní, oyin ta á níbi mọ́kànlá. Ó ṣí èkejì, omi tútù gbé e padà sẹ́yìn. Ó ṣí ẹ̀kẹta, ó bá ara rẹ̀ tó dúró síbẹ̀ tó ń wò ó, ẹ̀rù sì bà á ju ti oyin lọ.

Onílẹ̀kùn ògiri náà, ọkùnrin kan tí ọrùn rẹ̀ gùn bí ti àgùnfọn, rẹ́rìn-ín láti òkè. "Ìwọ ọdẹ, ṣé bí o ṣe ń wá ẹtu nìyí? Ṣé gbogbo ihò lo máa ń ki ọwọ́ bọ̀?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹni tí kò mọ̀nà ló ń béèrè. Alárinà ni mò ń wá."

"Kí o ti béèrè kí oyin tó ta ọ́. Ilẹ̀kùn ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé ọgọ́ta ni tirẹ̀. Gbogbo alárinà ayé ló mọ ilẹ̀kùn yẹn." Ó na ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan ojú ọdẹ. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Níbo ni ẹni rẹ wà?"

"Ìlú Otútù."

"Háà. Àbúrò mi ló ń ṣọ́ ògiri ibẹ̀, olóríkunkun ni. Ó ń jẹ́ kí ará ilé rẹ̀ jáde, kì í jẹ́ kí ará ìta wọlé. Ìwọ kò lè pe ẹni rẹ. Òun ni yóò pè ọ́."

"N ó dúró dè é. Ọdẹ tí kò lè dúró, ewé ni yóò máa jẹ."

Báyìí ni ó ṣe dé Ìlú Agbede. Àwọn ará ibẹ̀ kì í wọ yàrá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí, ohùn wọn sì rọlẹ̀ bí òwú. Ìyá Agbede, olórí wọn, jókòó sórí ìloro, kò sí nínú ilé, kò sí ní ìta. Ó fún ọdẹ náà ní ohun kan tí kò tóbi ju hóró ẹ̀gúsí lọ.

"Alárinà nìyí. Òfin mẹ́ta ló ní. Èkíní, kì í gbé ọ̀rọ̀. Ìkanlẹ̀kùn nìkan ni ó ń gbé. Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí, má ṣe bi í léèrè ohun tí ẹni tó kàn án fẹ́ sọ. Èkejì, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n rí òun gbọ́dọ̀ máa sọ fún un ní àràárọ̀ pé òun wà nílé. Ẹni tí kò bá sọ ọ́, yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀kẹta ló le jù." Ó wo ọdẹ náà lójú. "Kí ni orúkọ rẹ?"

Ọdẹ́tàyọ̀ na ọrùn. "Akínkúnlé Ọdẹ́tàyọ̀, ọkùnrin tí ẹfọ̀n ń yà fún lọ́nà!"

"Ta ló ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá, ṣé ó yẹ kí ẹ béèrè? Orúkọ mi ni. Mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ẹ rí i."

"Mo mọ̀ pé o lè kọ ọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò pè é ni à ń wò kí a tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé Alárinà. Òfin kẹta nìyẹn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá," ni Ọdẹ́tàyọ̀ wí. Òótọ́ ni pé ó gbọ́. Ọkàn rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà ilé.

Ó padà sí Òkè-Ìgbín ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú oṣù tuntun. Ó ki hóró náà bọ ihò tó wà lára kọ̀ǹpútà ààfin, ó sì jókòó tì í bí ẹni tó jókòó ti aboyún. Ẹ̀rọ náà ń béèrè ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀, ọdẹ náà sì ń fi ìka kan tẹ ìdáhùn. Ìlú wo ni mò ń ṣiṣẹ́ fún? Òkè-Ìgbín. Ilẹ̀kùn wo ni n ó jókòó sí? Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé ọgọ́ta. Ọ̀nà wo ni ohùn yóò gbà kọjá, ọ̀nà wo ni àwòrán yóò gbà? Ó yan mẹ́ta fún ohùn, ó yan méjì fún àwòrán, kí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lágbára lè rí èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹ̀rọ náà kọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ní ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ìbéèrè tó kù ni pé: Àwọn wo ni n ó máa wá?

Ọdẹ́tàyọ̀ gbé ìwé ńlá ìlú kalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi kọ orúkọ gbogbo ará Òkè-Ìgbín, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́, orúkọ bàbá ṣáájú, tẹni tẹ̀lé e, láìsí ìnagijẹ kankan. Tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ. Ó wò ó, ó dára lójú rẹ̀.

Nígbà tí oṣù lé, ọba gbé fóònù, ó pe Balógun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ní orúkọ àbísọ rẹ̀. Fóònù dún nílé Balógun, ojú rẹ̀ sì yọ nínú fídíò láàfin, pẹ̀lú iṣu lẹ́nu. Ìlú hó yèè. Wọ́n gbé ọdẹ náà sọ sókè. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, ó lọ sílé, ó wọ agbádá tí ó fi ṣe ìgbéyàwó, ó bomi rin ewébẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kí aya rẹ̀ má baà béèrè kí ó parọ́, ó sì gbé fóònù sí iwájú ara rẹ̀.

Kò dún.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Gbọ́láhàn wá bá a. Bí ìtàn náà bá dé ibí, aránṣọ náà kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ apá tirẹ̀. "Mo ní, 'Bàbá, mo pe Bàbá Gbọ́láhàn ní oko, Alárinà ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí.' Kí ni ẹ dá mi lóhùn?"

"Mo ní o kò mọ̀ ọ́n lò," ni ọdẹ náà máa ń wí.

"Ẹ tún ní..."

"Mo tún ní abẹ́rẹ́ ni kí o lọ mú, kí o fi fóònù sílẹ̀ fún àwọn tó lọ sílé-ìwé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ọjọ́ kẹta lọ, ìkẹrin lọ. Agbádá náà ti rún. Lójoojúmọ́ ni ó ń sọ fún Alárinà pé òun wà nílé, tí ó sì ń jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Ó ń rò ó pé bóyá àìsàn náà ti dá, tí aya rẹ̀ ń jáde kiri. Nígbà mìíràn ó ń rò ó pé bóyá ó ń bínú, pé ó rántí ìbọn yẹn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bí oòrùn ṣe wà ní àárín orí, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti bomi rin ewébẹ̀. Fóònù dún nínú ilé. Ó dún ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ju agbè omi sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sáré, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti dákẹ́. Ó rò ó pé àwọn ọmọ àdúgbò ló ń dán an wò. Ó dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò dún mọ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ó dún, ó sì ń dún lọ. Ọdẹ́tàyọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ojú Mojírayọ̀ ni ó yọ. Ó ti tú irun orí rẹ̀.

"Bàbá mi."

"Mojí! Ìyá rẹ dà? Yí i sí i, kí n rí i."

Ọmọ náà kò yí i. "Bàbá mi, Màmi ti lọ. Lánàá ni, ní ọ̀sán gangan. Mo wà níbi iṣẹ́."

Ọdẹ́tàyọ̀ gbé fóònù náà sún mọ́ ojú.

"Bàbá mi, mo fẹ́ kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Kí ni ẹ jọ máa ń sọ?"

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin àti Màmi. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé tí mo máa bi wọ́n bóyá ẹ ti sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, 'A ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Bàbá rẹ kí ọ. Ewébẹ̀ náà ti ga.' Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mi ò fi pè yín. Mo ní kí n fi àyè náà sílẹ̀ fún yín."

Ọdẹ náà wo ojú ọmọ rẹ̀ nínú fóònù. Ó ti pa irọ́ púpọ̀ nípa ẹfọ̀n àti iwin, ṣùgbọ́n kò rí irọ́ kan pa lọ́jọ́ náà. "A kò sọ̀rọ̀, ọmọ mi," ni ó wí. "Kò pè mí rárá."

Mojírayọ̀ bo ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kúrò nínú fóònù, ọdẹ náà mú ọ̀pá, ó lọ sí ààfin, ó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà dúdú náà.

"Alárinà, ta ló ti Ìlú Otútù kan ilẹ̀kùn mi?"

Ohùn jẹ́jẹ́ kan dáhùn láti inú ẹ̀rọ. "Lónìí, ọmọ rẹ ni; orúkọ inú ìwé ni ó fi wá ọ. Kí oṣù tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, ẹnì kan ti ibẹ̀ kan ilẹ̀kùn ìlú yìí. Ìgbà mọ́kànlélógójì."

"Ta ni ó ń béèrè?"

"Bàbá Mojí, ní ìgbà ogójì. Mo wo inú ìwé tí o kọ fún mi. Kò sí Bàbá Mojí níbẹ̀. Mo dá a lóhùn pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Ìgbín."

Ọdẹ náà di etí àga mú. "Ìgbà mélòó lójúmọ́?"

"Ìgbà mẹ́fà ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọjọ́ kejì, márùn-ún. Ní ọjọ́ kẹfà, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra láìsinmi. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó pẹ́ kí ó tó lè pe orúkọ náà tán."

"Kí ni ó fẹ́ sọ?"

"Ìwọ ọdẹ, èmi kì í gbé ọ̀rọ̀. Ìkanlẹ̀kùn ni mò ń gbé. Ilẹ̀kùn kò ṣí, nítorí náà ọ̀rọ̀ kò bẹ̀rẹ̀."

Ọdẹ́tàyọ̀ fi ìka ka iye náà. Ó wá rántí pé ogójì kọ́ ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ sọ. "Ẹ̀ẹ̀kan ló kù," ni ó wí.

"Ọjọ́ kẹsàn-án, ní ọ̀sán. Kò pe Bàbá Mojí. Ó pe Ọdẹ́tàyọ̀. Ó ní, 'Ọdẹ́tàyọ̀ ọmọ Akínkúnlé.' Mo wo inú ìwé, mo rí ọ. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ ẹni tó rán mi ti kúrò."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Obìnrin tí kò fi orúkọ pè é nígbà ìbínú, tí kò fi orúkọ pè é nígbà ìrọbí, tú u sílẹ̀ lẹ́nu ní ọjọ́ yẹn, nítorí ó ti tán gbogbo ọ̀nà mìíràn. Ọdẹ́tàyọ̀ sì wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bomi rin ewébẹ̀ rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn kò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Ọdẹ́tàyọ̀ gbé ìwé ìlú lọ sí ilé Ìyá Gbọ́láhàn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún aránṣọ náà níwájú gbogbo ènìyàn, àgbàlagbà bí ó ti tó yẹn. Ó ní, "Mo gbà pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò. Jọ̀wọ́, kí ni ò ń pe ọkọ rẹ?" Láti ilé rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ gbogbo ìlú náà ní àkọtúnkọ, ilé sí ilé. Kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹni tó ni ín mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó kọ Bàbá Gbọ́láhàn, ó kọ Ìyá Ẹlẹ́nu-dídùn, ó kọ Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀, ó kọ Ọkọ-mi-kékeré. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó pe ẹni rẹ̀ ní Òkè-Ìgbín tí kò rí i.

Bí ìtàn bá dé ibí, àwọn ìyàwó á máa wo ọkọ wọn. Ẹnì kan á sì gbìyànjú láti tù ú nínú.

"Bàbá, bóyá ọ̀rọ̀ kékeré ni Ìyá fẹ́ sọ. Bóyá ọ̀rọ̀ ewébẹ̀ ni."

"Bóyá," ni á wí.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ìyàwó ilé ti máa ń pè é ní Bàbá Ọdẹ. Mojírayọ̀ ń pè é ní Bàbá mi, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní Ọdẹ́tàyọ̀, Alárinà sì ń rí i. Síbẹ̀, ní àràárọ̀, kí ó tó fọ ẹnu, ó máa ń yọ fóònù kúrò nínú awọ ẹtu, á sì sọ fún Alárinà pé òun wà nílé. Orúkọ tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ ni Bàbá Mojí, kí ó tó sọ àwọn yòókù.

Ìyá Gbọ́láhàn nìkan ló láyà láti bi í ní ọjọ́ kan. "Bàbá, kò sí ẹni tí yóò tún fi orúkọ yẹn wá yín. Ẹ ò ṣe jẹ́ kí Alárinà pa á rẹ́?"

Ọdẹ arúgbó náà fi ọwọ́ bo fóònù náà lórí àyà rẹ̀.

"Ìgbà ogójì ni wọ́n ti sọ fún un pé mi ò sí níbí," ni ó wí. "N kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ mọ́."

Ó dìde, ó sì lọ bomi rin ewébẹ̀.